Màlúù Tí Mo Dúńbú Lábẹ́ Òkè Ọ̀kà

Bí ẹ bá rí ọ̀dọ́ tó ń wá iṣẹ́ kọ́ lónìí, tí ẹ sì ní kó lọ kọ́ iṣẹ́ alápatà, yóò wò yín bí ẹni tó ń wo wèrè. Ó fẹ́ jókòó sídìí tábìlì, ó fẹ́ wọ ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Mi ò bá a jà, nítorí ẹ̀jẹ̀ kì í tètè bọ́ lára ṣẹ́ẹ̀tì funfun. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ yìí ni mo fi jẹun láti ìgbà tí irùngbọ̀n mi ń hù títí ó fi funfun, òun ni mo fi kọ́ ilé tí mò ń gbé ní Ọ̀kà. Nítorí náà, ẹ fara balẹ̀ kí n sọ ohun tí mo rí nínú rẹ̀, kí ẹ tó pinnu ohun tí ẹ máa fi ayé yín ṣe.

Jósẹ́fù ni orúkọ ìsàmì mi. Ọmọ Ọ̀kà Àkókó ni mí, ilé onígbàgbọ́ ni wọ́n bí mi sí, bàbá mi ló ń lu agogo ṣọ́ọ̀ṣì ládùúgbò wa. Ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1950, kí ìwé tó di ọ̀fẹ́, owó tán lọ́wọ́ bàbá mi, ó sì mú mi lọ sí Ìkàrẹ́, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tó ń ta ẹran. Bí wọ́n ṣe gbà mí kò gba àlàyé. Ìgò epo kan, iṣu díẹ̀, àdúrà, ó parí. Ìyá mi nìkan ló sunkún. Ó ní gbogbo alápatà tí òun mọ̀, Ìmàle ni wọ́n, wọ́n á sọ ọmọ òun di Ìmàle. Bàbá mi ní kó fọkàn balẹ̀, pé ohun kan ṣoṣo tí ẹran ń sọ ènìyàn dà ni ẹni tó yó.

Ọ̀gá mi yìí, Bàbá Alápatà ni gbogbo Ìkàrẹ́ ń pè é. Ó ga, ó tín-ín-rín, kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, kì í sì í pa ìrun jẹ. Ẹnì kan ṣoṣo ni mo bá lẹ́nu iṣẹ́ lọ́dọ̀ rẹ̀, Sánúsí, tó ti kọ́ṣẹ́ pẹ̀lú rẹ̀ fún ọdún bíi mélòó kan kí n tó dé. Ẹ̀gbọ́n ni mo ń pè é. Ọmọlúàbí ni, ó lawọ́, ó sì máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ìmàle ni òun náà, nítorí náà òun ló ń dúńbú ẹran. Ní tèmi, mo ń so màlúù, mò ń bó awọ, mò ń fọ ìfun, mò ń pọ́n ọ̀bẹ, mò ń gé ẹran fún oníbàárà. Ṣùgbọ́n ọ̀bẹ ọrùn kò kàn mí. Àwọn tó ń ra ẹran lọ́wọ́ wa, Ìmàle ló pọ̀ jù nínú wọn, wọ́n sì gbà pé ẹni tó ń kírun ló yẹ kó pa ohun tí àwọn máa jẹ. Kò sẹ́ni tó sọ ọ́ fún mi pẹ̀lú ìbínú. Bó ṣe rí ni, èmi náà sì gbà á bẹ́ẹ̀.

Àṣà kan wà ní ìsọ̀ wa tí mi ò rí níbòmíràn. Kí a tó to ẹran sórí pátákó, Bàbá Alápatà yóò dúró níwájú gbogbo ènìyàn, yóò ní, "Ọwọ́ ta ni?" Sánúsí á dáhùn pé, "Ọwọ́ mi ni, Bàbá. Ààyè ni mo bá a. Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi pa á." Ìgbà yẹn ni ọjà tó ṣí. Bó tilẹ̀ jẹ́ pé ojú Bàbá ni Sánúsí ti pa ẹran náà, yóò ṣì bi í. Nígbà tí mo kọ́kọ́ débẹ̀, mo rò pé ogbó ló ń ṣe é. Àwọn ìyá tó ń ra ẹran kì í sì í na owó wọn kí wọ́n tó gbọ́ ọ.

Ó le. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni tàn yín pé àwọn ọ̀gá àtijọ́ kàn ń fi ìfẹ́ kọ́ni. Ìyà àkọ́kọ́ tí mo jẹ lọ́wọ́ rẹ̀, ewúrẹ́ ló fà á. Mo ń pọ́n ọ̀bẹ lójú ewúrẹ́ tí a fẹ́ pa. Mi ò mọ̀ pé èèwọ̀ ni. Lọ́dọ̀ wọn, a kì í pọ́n ọ̀bẹ lójú ẹran, a kì í pa ẹran lójú ẹran mìíràn, a kì í sì í fi ọ̀bẹ tí kò mú pa ẹran. Bàbá Alápatà kò lù mí. Ó ní kí n kúnlẹ̀, kí n kọjú sí ògiri. Ó gbé òkúta ìpọ́nbẹ sẹ́yìn mi, ó bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n ọ̀bẹ, kò sọ̀rọ̀. Mo mọ̀ pé kò ní pa mí, ọmọ ọ̀rẹ́ rẹ̀ ni mí, ọ̀sán gangan sì ni, síbẹ̀ òógùn bò mí, mo sì fẹ́rẹ̀ẹ́ tọ̀ sára. Nígbà tó tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bi mí bóyá mo gbádùn rẹ̀. Mo ní rárá. Ó ní ewúrẹ́ náà kò gbádùn rẹ̀. Títí di òní, bí mo bá rí ọmọ tó ń fi ọ̀bẹ ṣeré níwájú àgbò Iléyá, inú mi kì í dùn.

Àwọn alápatà kan wà lọ́jà nígbà náà tó jẹ́ pé bí ẹran bá sùn mọ́ wọn lọ́wọ́, wọ́n á fi ẹ̀jẹ̀ tútù ra á lára ní àárọ̀ kó lè pupa. Ojú ni wọ́n fi ń tan oníbàárà, ikùn ló ń sanwó rẹ̀. Bàbá Alápatà kì í bá wọn jà, kì í sì í bú wọn. Tiwa tó bá sùn, yóò yà á sọ́tọ̀ sórí ewé, yóò sì máa pariwo fúnra rẹ̀ pé ti àná rèé o. Sánúsí máa ń kùn sí mi létí pé ọjà wo ni olóòótọ́ ti jèrè rí. Ó ní àwọn àgbà ti sọ ọ́ tán, pé òtítọ́ dé ọjà ó kùtà, owó lọ́wọ́ là ń ra èké. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí mo rò pé òótọ́ ló sọ.

Nǹkan kan tún wà. Lọ́jọ́ Ìsinmi kan, mo fi ṣọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, mo lọ sí ìsọ̀ kí ọ̀gá mi lè rí i pé mo fẹ́ràn iṣẹ́. Mo rò pé inú rẹ̀ á dùn. Ó bi mí pé ṣé ara mi kò yá ni. Mo ní ara mi yá, iṣẹ́ ló wù mí. Ó gba àáké lọ́wọ́ mi, ó ní kí n lọ wẹ̀, kí n lọ síbi tí àwọn ènìyàn mi wà. Ó ní ẹni tó lè já Ọlọ́run tirẹ̀ jù sílẹ̀ nítorí ọ̀gá, yóò já ọ̀gá náà jù sílẹ̀ nítorí ẹlòmíràn. Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, mo tilẹ̀ rojọ́ rẹ̀ fún Sánúsí. Ìyá mi ló yà lẹ́nu nígbà tó gbọ́ pé Ìmàle ló ń lé ọmọ òun lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì.

Ẹ jẹ́ kí n fò díẹ̀. Mo gba òmìnira, mo padà sí Ọ̀kà, mo dá ìsọ̀ tèmi sílẹ̀ ní Ìwàrò. Onígbàgbọ́ ni púpọ̀ nínú àwọn oníbàárà mi, síbẹ̀ mo gba Ìmàle kan tó ń bá mi dúńbú ẹran, kí ẹnikẹ́ni tó bá yà lọ́dọ̀ mi lè jẹun láìṣiyèméjì. Mo rí ìgbà tí màlúù ń fi ẹsẹ̀ rìn láti òkè Ọya, mo sì rí ìgbà tí wọ́n ń fi mọ́tò kó wọn bí àpò gaàrí. Mo rí ìgbà tí a ń fi ojú wọn ẹran, tí a ń pín in ní ìdì-ìdì sórí ewé, mo sì rí ìgbà tí òṣùwọ̀n dé, tí àwọn ènìyàn bẹ̀rẹ̀ sí í fẹ̀sùn kan òṣùwọ̀n bí wọ́n ṣe ń fẹ̀sùn kan ojú tẹ́lẹ̀. Wolé-wolé ń wá yẹ ẹ̀dọ̀ àti fùkù wò, ó ń lu òǹtẹ̀ aláró mọ́ itan màlúù. Fìríìjì dé, ẹran wá ń sùn lọ́jọ́ púpọ̀ láì bàjẹ́. Kò burú. Irin iṣẹ́ ń yí padà, ọrùn màlúù kò yí padà. Mo ti fi iṣẹ́ náà sílẹ̀ báyìí, eékún mi ló ní kí n jókòó.

Ṣùgbọ́n mo mọ̀ọ́mọ̀ fo nǹkan kan. Ọdún tó kù díẹ̀ kí n gba òmìnira ló ṣẹlẹ̀, òun ló sì fẹ́rẹ̀ẹ́ lé mi kúrò nínú iṣẹ́ yìí pátápátá. Mo ti tó ọkùnrin nígbà náà, mo ti ń wo ọmọbìnrin tí mo máa fẹ́.

Bàbá olówó kan wà ní Ìkàrẹ́, Bàbá Gàníyù. Olórí ẹbí ńlá ni, ọ̀pọ̀ àwọn Ìmàle àdúgbò wa ló sì ń tẹ̀ lé ohun tó bá sọ. Ìyá rẹ̀ kú, ó fẹ́ ṣe àdúrà fìdáù fún un, ó ní kí Bàbá Alápatà bá òun wá màlúù gidi. Màlúù wọ́n ní Ìkàrẹ́ lọ́sẹ̀ náà. A wá gbọ́ pé darandaran kan tó ń lọ sí Ọ̀wọ̀ dúró ní Ọ̀kà, akọ màlúù dáadáa sì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Bàbá Alápatà rán èmi àti Sánúsí lọ rà á, ó ku ọ̀la kí wọ́n ṣe fìdáù.

A rà á, a ń fà á bọ̀. Nígbà tí a sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ láti òkè Ọ̀kà, àkókò ìrun ọ̀sán tó. Sánúsí ní kí n so màlúù mọ́ igi, kí n dúró tì í, kí òun lọ sí odò tó wà nísàlẹ̀ lọ ṣe àlùwàlá, kí òun kírun. Ó gbé àpò rẹ̀ tì mí, ọ̀bẹ wà nínú rẹ̀. Kò tíì pẹ́ tó lọ ni mọ́tò akẹ́rù kan gun òkè bọ̀, ó fun fèrè lójijì níbi kọ́nà. Màlúù náà fò, okùn já, ó gba orí àpáta, ẹsẹ̀ rẹ̀ yọ̀. Mo gbọ́ bó ṣe balẹ̀ nísàlẹ̀.

Mo sáré sọ̀ kalẹ̀ bá a. Ẹsẹ̀ iwájú ti kán, ẹ̀jẹ̀ ń jáde nímú, ó ń mí hẹlẹhẹlẹ. Mo kígbe pe Sánúsí, mo tún kígbe, n kò gbọ́ ohùn rẹ̀. Ẹni tó bá mọ iṣẹ́ wa mọ ohun tó wà níwájú mi. Ẹran tó bá kú kí ọ̀bẹ tó dé ọrùn rẹ̀, òkúǹbete ni. Ìmàle kò gbọ́dọ̀ jẹ ẹ́, alápatà tó bá mọ ara rẹ̀ kì í sì í tà á fún ẹnikẹ́ni, ilẹ̀ ni wọ́n ń gbẹ́ fún un. Bí mo bá sì dúró de Sánúsí, mò ń wo ẹran tó ń joró nìyẹn. Mo dúró títí mo fi rí i pé ojú rẹ̀ ti ń yí. Mo fa orí rẹ̀ sí apá ìlà-oòrùn bí mo ṣe máa ń bá wọn fà á, mo pe orúkọ Ọlọ́run bí wọ́n ṣe ń pè é, mo fi ọ̀bẹ sí i. Ọ̀bẹ náà lọ dáadáa. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ tú, ó na ẹsẹ̀, ó parí.

Sánúsí dé, omi àlùwàlá ṣì wà lára irùngbọ̀n rẹ̀. Ó wo màlúù, ó wo ọwọ́ mi, ó jókòó sórí òkúta. Ó ní, "Jósẹ́fù, èmi ni mo pa á. Ṣé o gbọ́?" Ó ní kò sẹ́ni tó rí wa, ààyè ni mo bá a, orúkọ Ọlọ́run ni mo pè, kí ló kù? Ó ní tí a bá sọ òótọ́, fìdáù Bàbá Gàníyù bà jẹ́, ọ̀gá wa bọ́ sínú ìtìjú, èmi gan-an ni wọ́n á sì dá lẹ́bi. Kì í ṣe ìkà ló ń ṣe é. Èmi ló ń rò, ọ̀gá wa ló ń rò. A bó màlúù náà, a gé e, a bẹ awakọ̀ bọ̀lẹ́kájà kan, ó kó wa dé Ìkàrẹ́ kí oòrùn tó wọ̀.

Bàbá Gàníyù ti wà ní ìsọ̀ pẹ̀lú àwọn ọmọ rẹ̀ tó máa ru ẹran. Sánúsí ròyìn bí màlúù ṣe já sórí àpáta. Bàbá Alápatà gbọ́ ọ tán, ó ní, "Ọwọ́ ta ni?"

Sánúsí ní, "Ọwọ́ mi ni, Bàbá."

Mo ní, "Ọwọ́ mi ni, Bàbá. Ààyè ni mo bá a. Orúkọ Ọlọ́run ni mo fi pa á."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á lè máa rò pé ìgbàgbọ́ mi ló sọ̀rọ̀ lọ́jọ́ náà. Ó lè jẹ́ bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n kí n má purọ́, inú mi kò dùn pé ẹlòmíràn fẹ́ gba iṣẹ́ tí mo ṣe dáadáa. Bàbá Alápatà wo Sánúsí, Sánúsí wolẹ̀. Bàbá Gàníyù gbé ọ̀pá rẹ̀, ó ní onígbàgbọ́ kò ní pa ẹran tí wọ́n máa fi ṣe àdúrà fún ìyá òun. Ọ̀gá mi bẹ̀ ẹ́, ó ní kí àwọn bi Lèmọ́mù. Wọ́n lọ. Lèmọ́mù ní nínú ìmọ̀ tòun, ẹran tí àwọn onítírà, àwọn tí Ọlọ́run fún ní ìwé bíi onígbàgbọ́, bá fi orúkọ Ọlọ́run pa kì í ṣe èèwọ̀, ṣùgbọ́n ẹni tí ọkàn rẹ̀ kò bá gbà á, kó fi í sílẹ̀. Bàbá Gàníyù ní ọkàn òun kò gbà á. Adìyẹ àti ewúrẹ́ ló fi ṣe fìdáù ìyá rẹ̀, àwọn èrò tó wá láti Ṣúpárè àti Etíòrò sì ròyìn rẹ̀ dé ilé wọn.

Lálẹ́ ọjọ́ tí a kó ẹran dé, Sánúsí bú mi. Ó ní ṣé mo rí i báyìí, Lèmọ́mù fúnra rẹ̀ ní ẹran náà mọ́, ẹran tó mọ́ ni mo fi ẹnu mi bà jẹ́. Bàbá Alápatà tó ń jẹun nítòsí ló dáhùn. Ẹran yẹn gan-an ló ń jẹ. Ó ní, "Lèmọ́mù mọ ohun tí Ọlọ́run gbà. Ohun tí oníbàárà gbà ni mò ń tà." Ó fọ ọwọ́, ó ní láti ọ̀la lọ, òun fúnra òun ni yóò máa dúńbú ẹran títí òun yóò fi tún lè gba ọ̀rọ̀ Sánúsí gbọ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, ó dúró nídìí pátákó, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá yà pé Jósẹ́fù onígbàgbọ́ ló pa eléyìí, kí ẹni tó bá fẹ́ rà, kí ẹni tí kò fẹ́ máa lọ. Wọ́n ń lọ. Ọ̀kà ni mo ru ìyókù lọ tà. A rò pé ó tán síbẹ̀, ṣùgbọ́n màlúù mìíràn tí Bàbá Alápatà fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa, wọn kò rà á. Wọ́n ní ta ló mọ iye tí onígbàgbọ́ ti pa níbẹ̀ tí kò sẹ́ni tó mọ̀. Àwọn ìyá tí mo ti ń gé ẹran fún láti ọjọ́ yìí, wọ́n á kọjá níwájú mi, wọ́n á kí mi, wọ́n á sì yà sí ìsọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀jẹ̀ tútù ra ẹran. Ó dùn mí wọra. Ẹran ń sùn mọ́ wa lọ́wọ́ lójoojúmọ́. Ìyàwó ọ̀gá mi ti ń ta aṣọ rẹ̀. Kò sẹ́ni tó bá mi wí, ìyẹn gan-an ló burú jù. Mo di ẹrù mi, mo dúró kí wọ́n lé mi, mo sì ti ń ro ohun tí mo máa sọ fún bàbá mi.

Ọjọ́ ọjà kan, Bàbá Gàníyù wá pẹ̀lú àgbàlagbà méjì. Wọn kò wá jà. Ó ní ìjà ti tán, ọ̀gá mi jẹ́ èèyàn àwọn, ó sì dun àwọn bí nǹkan ṣe ń lọ. Ó ní kó dá ọmọ onígbàgbọ́ yìí padà sí Ọ̀kà lọ́dọ̀ bàbá rẹ̀, ní àárọ̀ ọ̀la gbogbo àwọn á padà wá ra ẹran. Mo wà nídìí pátákó, mò ń gbọ́. Sánúsí náà ń gbọ́. Lójú mi, ohun tó sọ kò le, ká ní èmi ni ọ̀gá, ǹ bá gbà á.

Bàbá Alápatà dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn pé wọ́n wá. Lẹ́yìn náà ó ní:

"Lọ́jọ́ yẹn, ọmọ mi tó ń kírun purọ́ fún yín, ẹ sì ti fẹ́ ru ẹran lọ. Èmi náà ti fẹ́ gbé e fún yín. Onígbàgbọ́ yìí ló sọ fún gbogbo wa. Bí mo bá lé e, nígbà mìíràn, ta ni yóò sọ fún yín?"

Bàbá Gàníyù wo pátákó fún ìgbà díẹ̀, ẹran ọjọ́ náà wà lórí rẹ̀, ti àná wà lórí ewé lọ́tọ̀. Ó fi ọ̀pá tọ́ka sí itan kan. Mo rò pé ọ̀gá mi ló máa bá sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n èmi ló kọjú sí.

Ó ní, "Ṣé ó mọ́?"

Mo ní, "Ó mọ́, Bàbá."

Ó ní kí n gé e fún òun.